Oúnjẹ Ilẹ̀ Wa: Kí Ni Àwọn Ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà Ń Kọ́ Lọ́dọ̀ Wa?

Nínú orí karùn-ún Ìwé Jóṣúà, a kà á pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ nínú èso ilẹ̀ Kénáánì, àti pé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n jẹ ẹ́ ni mánà dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ni ó máa ń yára kọjá níbẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ibi odi Jẹ́ríkò, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpè àti ariwo wà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ ìrìn-àjò; àwọn ọmọ tí a bí sínú aginjù kò tilẹ̀ mọ òmíràn. Ó ní láti jẹ́ pé àgbàlagbà kan jókòó ti àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ náà, tí ó ń fi hàn wọ́n pé ọkà nìyí, báyìí ni a ṣe ń yan án, báyìí ni a ṣe ń jẹ ẹ́.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba, àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣègùn ti ń sọ pé kí á kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti máa jẹ ohun tí a gbìn ní ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó ń bá wọn jiyàn. Ohun tí a fẹ́ bèèrè ni pé, ní àdúgbò bíi Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí kò sí ilẹ̀ fún oko, lọ́dọ̀ ta ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ohun tí ó ń jẹ́ oúnjẹ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí á wo àdúgbò náà. Ọdún 2003 ni a yọ ìjọba ìdàgbàsókè Bàrígà kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, ìlú kan náà ni wọ́n. Ilé fara ti ilé, gọ́tà ni ó là wọ́n láàárín. Ọmọ tí a bí sí ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá lè pé ọdún mẹ́wàá kí ó má tíì fi ojú rí ebè iṣu rí. Lójú tirẹ̀, inú àpò ni gàárì ti ń wá, orí àtẹ ni tòmátì ti ń hù. Lápá ìsàlẹ̀, ọ̀sà wà níbẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ti ń pẹja ní etí omi Bàrígà tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀pìà, àrọ̀, edé àti akàn ń ti ibẹ̀ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn apẹja ń ráhùn pé iṣẹ́ yanrìn-wíwà ń lé ẹja sá. Àmọ́ ẹja tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìkòkò ọbẹ̀ ní àdúgbò kan náà ni Titus àti kòtè, ẹja inú yìnyín tí ọkọ̀ kó wá láti òkun òkèèrè. A kò dá ìyá tí ó rà á lẹ́bi. Iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ná. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ọmọ tí ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ apẹja láti ojú fèrèsé ilé wọn mọ orúkọ ẹja òkèèrè ju orúkọ ẹja ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí gbogbo Èkó mọ Ṣómólú mọ́, èyí ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ìwé ètò ìsìn, kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ìkésíni sí ìkórè, ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ nǹkan sí, ọ̀sán àti òru ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ wọ́n jáde níbẹ̀. Ẹ wo àwòrán ńlá tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà. Lẹ́tà A, àwòrán ápù ni. Lẹ́tà G, àwòrán èso àjàrà. Ẹ tún wo ìwé ìkésíni ìkórè tí ó wà nínú Bíbélì yín láti ọdún tí ó kọjá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ pé ápù, àjàrà àti ìtí àlìkámà ni ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àgbẹ̀ Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ kórè. Ìkórè ta ni à ń ṣe nígbà náà?

A kò lè sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú ilé mọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́. Ọmọ kíláàsì kẹrin lè ka ìsọ̀rí oúnjẹ lórí fún yín láìwo ìwé: èyí tí ń fún ni lágbára, èyí tí ń mú ara dàgbà, èyí tí ń dáàbò bo ara. Yóò kọ ọ́ sínú ìdánwò, yóò sì gba máàkì. Nígbà tí aago ìsinmi bá lù, yóò jáde lọ ra bisikíìtì àti omi aládùn tí wọ́n pa láró bí ọsàn.

Ohun kan sì wà tí a kì í fẹ́ sọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí ọmọ bá pẹ́ dé tàbí tí ó bá ṣẹ̀ ni a ń gbé àdá lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ gé koríko. Oko kékeré tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì, bí ó bá wà rárá, àwọn tí ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń ro ó. Ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́fà mọ àdá gẹ́gẹ́ bí ohun ìjìyà kò lè gbọ́ olùkọ́ ní àgbọ́yé nígbà tí ó bá sọ ní ọjọ́ keje pé iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ ka ohun tí ó ti inú ilẹ̀ jáde sí, ọmọ tí ó ṣe dáadáa jù ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ́.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé àwo ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Ọmọdé kì í fi etí kọ́ oúnjẹ. Ojú àti ahọ́n ni ó fi ń kọ́ ọ, ó sì tún ń wo ọjọ́ tí a gbé e fún un àti ẹni tí ó gbé e fún un. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Bàrígà, gàárì ni oúnjẹ ìgbà tí owó kò sí. Ìrẹsì ni oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Ẹ̀wà ni a ń sè nígbà tí oṣù bá fẹ́ parí; búrẹ́dì ni a ń rà nígbà tí àlejò bá dé. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà ní gbólóhùn kan pé oúnjẹ ilẹ̀ wa ni oúnjẹ òṣì. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìjọ náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìpín náà kò sì kéré. Ní ọjọ́ àwọn ọmọdé, tàbí ní àríyá Kérésìmesì Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àpò ọlọ́ràá ni a ń pín: bisikíìtì, súìtì, ohun mímu inú páálí, Indomie kan tàbí méjì. Ìfẹ́ ni àwọn tí ń ṣe é fi ń ṣe é, a sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń yàn án. Nǹkan wọ̀nyí kì í tètè bàjẹ́, ó rọrùn láti kà, kò sì sí òbí tí yóò wá sọ lọ́jọ́ kejì pé oúnjẹ ìjọ run ọmọ òun nínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ náà, iwájú pẹpẹ ni a sì ti fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó fi sáà kan gbáko ṣàlàyé ewébẹ̀ kò lè borí àpò ọjọ́ kan yẹn. Ní orí tábìlì ìkórè pàápàá, níbi tí a ti ń tú iṣu, àgbàdo àti odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ rí, páálí ni ó ti gba ipò iwájú nínú ìjọ púpọ̀ ní ìlú ńlá. A rí i pé ẹni tí ó gbé páálí wá ń gba àtẹ́wọ́ ju ẹni tí ó gbé iṣu márùn-ún wá lọ. Àwọn ọmọ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí Indomie, nítorí pé orúkọ náà ti di orúkọ gbogbo oúnjẹ irú rẹ̀. Ọdún 1988 ni ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é sì ti wà ní Ọ̀tà láti àárín àwọn ọdún 1990 wá. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gba owó oṣù. Ṣé oúnjẹ ilẹ̀ wa ni, àbí ti òkèèrè? Ìbéèrè yìí dára fún kíláàsì ju àtòkọ ìsọ̀rí oúnjẹ lọ. Ibi tí a ti ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ibi tí a ti gbìn ín. Àlìkámà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti ti búrẹ́dì, ilẹ̀ òkèèrè ni a sì ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa wá. Ìwọ̀nba tí a ń gbìn nílé, ìpínlẹ̀ bíi Jígáwá, Kánò àti Kébbí ni, lórí ilẹ̀ tí a ń bomi rin ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, iye owó àlìkámà fò sókè ní gbogbo ayé, búrẹ́dì Bàrígà sì wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè lóye ìyẹn bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un: ìbọn dún ní òkèèrè, búrẹ́dì òwúrọ̀ rẹ̀ sì kéré sí i.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé àwo ni ó ń kọ́ni. Ní 1976, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ètò Operation Feed the Nation pe gbogbo ènìyàn sí oko, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìjọba náà gbé agbára sílẹ̀ ní 1979 tí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2005, Ọbásanjọ́ kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ bíi méjìlá àti Àbújá. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti kú káàkiri, àfi ní Ọ̀ṣun. Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un gbé dìde níbẹ̀ ní 2012, wọ́n sì ń pè é ní O'MEALS. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta obìnrin tí ó ń se oúnjẹ fún nǹkan bí 250,000 ọmọ. Iṣu, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mú ànàmọ́ aláwọ̀ ọsàn wọ inú rẹ̀, irú èyí tí ó ní èròjà fítámì A tí ojú ọmọ nílò.

Àwòkọ́ṣe Ọ̀ṣun ni ìjọba àpapọ̀ mú nígbà tí ó dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2016 fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Náírà 70 ni owó oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Ní 2022 ó di náírà 100. Ìlànà rẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yan oúnjẹ tí àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀ ń gbìn, alásè yóò jẹ́ ará àdúgbò, owó yóò sì lọ tààrà sí báńkì rẹ̀. Ìjọba sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 9 ọmọ tí ó ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020, wọ́n gbé oúnjẹ náà lọ sílé àwọn ọmọ ní Àbújá, Èkó àti Ògùn. Ìrẹsì, ẹ̀wà, epo pupa àti ẹyin wà nínú ẹrù náà, tí ìjọba díye lé ní náírà 4,200. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá gbogbo ètò ìrànwọ́ irú èyí dúró kí wọ́n lè ṣèwádìí owó tí ó gba ibẹ̀ kọjá.

A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí owó náà, ẹni tí ó kó o àti ẹni tí kò kó o. Àwọn ilé-ẹjọ́ wà fún ìyẹn. Ohun tí kò dún ní etí àwọn aṣòfin ni ohun tí ètò náà ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ alákàrà àti ọmọ awakọ̀ jókòó sí ìdí tábìlì kan, ẹ̀wà ni gbogbo wọn ń jẹ, olùkọ́ wọn dúró tì wọ́n, ó ń gbàdúrà sí i. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìparí oṣù mọ́ lójú ọmọ bẹ́ẹ̀. Owó náà kéré. Ẹnikẹ́ni tí ó ti ná ọjà rí mọ ohun tí náírà 100 lè rà ní 2022. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rí kọ́ nínú ìwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń polongo oúnjẹ ilẹ̀ wa kì í fẹ́ dé ìdí rẹ̀, èyí ni iye owó. Wọ́n ti sọ fún wa tipẹ́ pé oúnjẹ ilẹ̀ wa ni ó rọjú. Kí á má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mọ́, nítorí pé wọ́n ń bá ìyá wọn lọ sọ́jà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40% wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní oṣù Keje, ìjọba kan náà tí ó ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, kí á lè jẹ ìrẹsì tiwa, kéde pé òun yóò yọ owó orí ẹnubodè kúrò fún àádọ́jọ ọjọ́ lórí àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí a kò tíì bó tán. Kí ni kí olùkọ́ sọ fún ọmọ tí ó bá bèèrè? Kí ó sọ òtítọ́. Epo ọkọ̀, ojú ọ̀nà tí kò dára, àwọn tí ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko, ẹrù tí ń jẹrà kí ó tó dé Mile 12, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú iye tí ìyá rẹ̀ san. Nínú ètò ọlọ́dún márùn-ún tí ìjọba Èkó gbé jáde ní 2021, wọ́n sọ pé nǹkan bí 18% ni ohun tí Èkó ń pèsè nínú oúnjẹ tí ó ń jẹ, wọ́n sì fẹ́ kí ó di 40%. Ilé ìlọrẹsì Ìmọ́ta, tí a ṣí ní oṣù Kìíní 2023, wà lára ètò ìpèsè oúnjẹ ìpínlẹ̀ náà. Ó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè lọ ìrẹsì tí àgbẹ̀ kò gbìn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ọjà Oúnjẹ Èkó, tí ó dín 25% kúrò lórí iye oúnjẹ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi í sí, tí ó fi di pé ẹni tí kò ní lọ́wọ́ ní láti yàn bóyá ìsìn ni òun yóò kọ́kọ́ lọ tàbí ibi gàárì. A kò gbọ́ kí ọ̀pọ̀ àlùfáà sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni a tilẹ̀ ń pè ní oúnjẹ ilẹ̀ wa? Pákí tí a fi ń ṣe gàárì àti lafún, Brazil ni àwọn Potogí ti gbé e wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo, tòmátì àti ata ti wá. Àwọn Àgùdà tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ọ̀nà gàárì ṣíṣe gbilẹ̀. Àwọn kan náà ni ó kó fúrèjọ̀n wá, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí àwọn Kátólíìkì Èkó ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere títí di òní. Lónìí Nàìjíríà ni ó ń gbin pákí jù lọ ní gbogbo ayé. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ohun kan jẹ́ ti àwọn baba ńlá wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ọmọ ní láti mọ̀ ni ọwọ́ tí ó gbin oúnjẹ rẹ̀, bí ọwọ́ náà ṣe jìnnà tó, àti ẹni tí owó ìyá rẹ̀ lọ bá. Fúrèjọ̀n tún fi ohun kan hàn wá: níwọ̀n bí ìjọ ti gbé ẹ̀wà lásán sí orí tábìlì ní ọjọ́ ńlá, ọmọ kan kò pè é ní oúnjẹ òṣì. (Ti búrẹ́dì orí pẹpẹ, tí òfin Ìjọ Kátólíìkì ní àlìkámà ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, a kò ní dá sí i níhìn-ín, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ti ń bá a bọ̀.)

Brazil tí ó fún wa ní pákí ní ohun mìíràn tí ó lè kọ́ wa. Òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2009 pàṣẹ pé, nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná lórí oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́, ó kéré tán 30% gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Òfin ni, kì í ṣe ìlérí gómìnà, nítorí náà kò bá ìjọba kan lọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ orin ìyìn nìkan. Oúnjẹ tí a gbìn nílé lè pa ni lára. Láti 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa oògùn dichlorvos nínú ìgò kékeré, irú èyí tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Gbogbo wa mọ ewébẹ̀ tí a ń gbìn sí etí gọ́tà, a sì mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi kábáàdì mú pọ́n, tí ara rẹ̀ pupa ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ le bí òkúta. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́ bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà, bí a ṣe ń fọ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, bí a ṣe ń bi ẹlẹ́wà léèrè ibi tí ó ti ra ọjà rẹ̀. Wákàtí kan péré ni ó gbà, kò sì béèrè hẹ́kítà ilẹ̀ kankan.

Ìjọ ní Èkó kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1894, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent pa orúkọ náà tì, ó di Mọ́jọlá Àgbébí, ó sì ń wàásù nínú aṣọ ilẹ̀ wa ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ kà á sí àbùkù. J. K. Coker, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1901, àgbẹ̀ ni ó jẹ́ ní Agége. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Kòkó àti obì ni wọ́n gbájú mọ́, kì í ṣe oúnjẹ inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní oko wọn, àdá kò jẹ́ ohun ìjìyà. Àwọn alágbàṣe tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé ìmọ̀ kòkó padà sí ìlú wọn, àwọn mìíràn sì gbé ẹ̀sìn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ni ó wà ní ìkáwọ́ wa nísinsìnyí, ní Ṣómólú àti Bàrígà? Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò nílò láti dúró de Àbújá. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, ti wà ní Bàrígà láti 1959. Igbobi College, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà jọ dá sílẹ̀ ní 1932, kò jìnnà. Láìka àwọn ńlá wọ̀nyí, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ní àdúgbò méjèèjì, níbi tí ó jẹ́ pé àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ ni ó ń pinnu ohun tí a lè tà ní ẹnu ọ̀nà. Bí ìgbìmọ̀ bá sọ pé ẹ̀pà, àgbàdo sísè, àgbálùmọ̀ ní àsìkò rẹ̀, àti mọ́ínmọ́ín ni kí alátẹ máa gbé wá, kò sí òfin ìjọba tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Pákí aláwọ̀ ìyeyè tí ó ní èròjà fítámì A, tí àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti Ùmúdíkè gbé jáde ní 2011, ni a ti ń fi ṣe gàárì. A lè bèèrè rẹ̀ lọ́jà.

Ẹni tí ó bá rò pé adùn ẹnu kì í yí padà, kí ó wo ìrẹsì Ọ̀fadà. Ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó fún un lórúkọ. Ìgbà kan wà tí ará Èkó ń pè é ní ìrẹsì olókùúta, oúnjẹ ará oko. Lẹ́yìn náà ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọn sínú ewé ní òde àríyá, pẹ̀lú ata aláìpọ́n àti irú, ó sì di ohun tí àlejò ń tò fún. Lónìí ó sábà máa ń wọ́n ju ìrẹsì òkèèrè lọ. Ìrẹsì náà kò yí padà. Ibi tí a gbé e sí ni ó yí padà. Ohun tí àríyá lè ṣe fún ìrẹsì, a kò rí ìdí tí ìkórè kò fi lè ṣe é fún mọ́ínmọ́ín.

Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, a kò ní fi pamọ́. Ẹnìkan ní láti jí lọ sí Mile 12 ní ìdájí Sátidé. Àwọn ìyá tí ń ta mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ní òpópónà ìjọ mọ iṣẹ́ náà ju ẹgbẹ́ kankan nínú ìjọ lọ, àwọn ni ó sì yẹ kí á gbé e fún, pẹ̀lú owó ọwọ́, kì í ṣe ìlérí. Ọ̀pọ̀ alásè ètò ìjọba ni ó ti kùn pé owó kò dé lásìkò. Kí àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé náà, kí wọ́n bó ẹ̀wà, kí wọ́n fọ ewé, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ tí kò fi ní jò. Iye ewé tí ọgọ́rùn-ún ọmọ yóò gbà, ẹni tí yóò yá wa ní ìkòkò ńlá, àti ẹni tí yóò sanwó fún alásè kí ilẹ̀ Àìkú tó mọ́, ìwọ̀nyí ni kí ìgbìmọ̀ àwọn ọmọdé kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó lórí ìkórè ọdún yìí.